Àárín Ìlú Tí Wọ́n Sọ Dọ̀tun: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Fẹ́ Gbé Tàbí Ṣòwò Níbẹ̀

Nígbà tí àárín ìlú tó ti dá páropáro bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í kún, ohun tí ojú kọ́kọ́ ń rí ni ọ̀dà tuntun lára ògiri, iná tó ń tàn yòò lójú títì, àti ṣọ́ọ̀bù tó ń ṣílẹ̀kùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ ló wu ènìyàn. Àmọ́ kì í ṣe ọ̀dà ni ẹ máa sanwó fún. Àwọn ènìyàn tó ń gba iwájú ilé náà kọjá ni ẹ máa sanwó fún, àti wákàtí tí wọ́n ń kọjá. Àárín ìlú kan lè kún fọ́fọ́ lọ́sàn-án kó sì dákẹ́ rọ́rọ́ lálẹ́. Òmíràn kì í jí títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó yá ṣọ́ọ̀bù láìmọ wákàtí àdúgbò, ògiri lásán ló yá. Ẹni tó yá yàrá láìmọ̀ ọ́n lè jẹ́ pé ariwo ló yá.

Nítorí náà, bí mo ṣe máa tò ó nìyí: wákàtí ṣáájú, ìwé àdéhùn tẹ̀ lé e, ilé fúnra rẹ̀ wá kẹ́yìn wọn. Ìwé àdéhùn ni mo máa pẹ́ lórí rẹ̀ jù, torí òun ló máa sọ bóyá èrè àdúgbò tó ń dìde máa kàn yín tàbí ó máa fò yín ru.

Ẹ mọ ẹni tó jí àdúgbò náà

Ọ̀nà mẹ́ta ni ẹ̀mí sábà máa ń gbà padà sí àárín ìlú. Ọ́fíìsì lè padà wá, kí òṣìṣẹ́ máa wọlé láàárọ̀, kí wọ́n sì máa jáde nírọ̀lẹ́. Àwọn ènìyàn lè kó wá máa gbé ibẹ̀. Àlejò sì lè máa wá nítorí pápá ìṣeré, etí odò, ilé àwòrán tàbí ilé oúnjẹ. Ibi tó bá ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló máa ń lágbára jù. Èyí tó gbára lé ẹyọ kan, ẹsẹ̀ kan ló fi dúró.

Ní Melbourne, ní Ọsirélíà, àwọn olùgbé ni wọ́n pè wá. Ìgbìmọ̀ ìlú náà bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní 1992 tí wọ́n ń pè ní Postcode 3000, kí àwọn ilé ọ́fíìsì tó ṣófo lè di ilé gbígbé. Ní Chattanooga, ní ìpínlẹ̀ Tennessee ní Amẹ́ríkà, àlejò ni wọ́n kọ́kọ́ fà: wọ́n ṣí ilé ńlá tí wọ́n ń kó ẹja àti ẹranko inú omi sí fún ìran wíwò ní 1992, nígbà tó sì di 1993, wọ́n ṣí afárá àtijọ́ kan, Walnut Street Bridge, padà fún àwọn ẹlẹ́sẹ̀ nìkan. Ìlú méjèèjì jí, ṣùgbọ́n oníṣòwò tó bá gbé irú ọjà kan náà lọ síbi méjèèjì kò ní rí iye owó kan náà ní Ọjọ́ Ajé.

Ọ́fíìsì ló ń da àwọn ènìyàn jù. Láti ìgbà tí àrùn COVID-19 ti lé òṣìṣẹ́ sílé ní 2020, ọ̀pọ̀ kò padà sẹ́nu iṣẹ́ fún gbogbo ọjọ́ márùn-ún mọ́. Ní ìlú púpọ̀, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun sí Ọjọ́bọ̀ ni ọ́fíìsì ń kún. Ọjọ́ Ẹtì fúyẹ́. Ní Calgary, ní Kánádà, ọ́fíìsì tó ṣófo pọ̀ débi pé ní 2021, ìlú náà bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn onílé lówó kí wọ́n lè sọ ọ́fíìsì di ibùgbé. Bí òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì bá ni oníbàárà yín, ẹ fi ọjọ́ mẹ́ta ṣírò ọ̀sẹ̀ yín. Bí ìṣirò náà bá ṣì jẹ́ èrè, ẹ máa bá ètò yín lọ.

Báwo ni ẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n? Ẹ lọ síbẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ ní àárín ọ̀sẹ̀, kí ẹ gbójú sókè. Fèrèsé tó ní iná àti kọ́tìnì ní àjà kejì sókè ń sọ pé ènìyàn ń gbé ibẹ̀. Ẹ wá ilé ìtajà oògùn, ibi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ, ibi tí ọmọdé ti ń ṣeré. Àwọn ilé iṣẹ́ yẹn kì í dúró síbi tí olùgbé kò bá sí. Bí gbogbo ohun tí ẹ rí bá jẹ́ ọtí àti orin, àdúgbò àlejò ni. Owó rẹ̀ wà lálẹ́ àti ní òpin ọ̀sẹ̀.

Ẹ ka ẹsẹ̀ fúnra yín

Ajẹ́ntì máa sọ pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló ń kọjá lójúmọ́. Ẹ má bá a jiyàn, ẹ lọ kà wọ́n. Ẹ dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù náà gan-an, kì í ṣe ní igun títì tó wà nítòsí rẹ̀. Ẹ ka gbogbo ẹni tó bá kọjá láàárín ìṣẹ́jú 15, kí ẹ fi 4 sọ ọ́ di púpọ̀. Iye ti wákàtí kan nìyẹn. Ẹ ṣe é láàárọ̀, lọ́sàn-án, láàárín aago márùn-ún sí méje ìrọ̀lẹ́, àti lẹ́yìn aago mẹ́jọ alẹ́. Ẹ mú ọjọ́ kan ní àárín ọ̀sẹ̀, Ọjọ́ Ẹtì kan, Ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, àti ọjọ́ kan tí ojú ọjọ́ burú. Ọjọ́ tí àjọ̀dún tàbí ìdíje bá wà, ẹ kọ tirẹ̀ sọ́tọ̀, torí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ máa ń tan ènìyàn jẹ.

Kí ẹ tó lọ, ẹ sọdá sí òdìkejì títì, kí ẹ ka tibẹ̀ náà. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹ̀gbẹ́ méjì títì kan ṣoṣo máa yà yín lẹ́nu. Òòrùn lè mú kí gbogbo ènìyàn rìn níhìn-ín, ibùdókọ̀ lè fà wọ́n sọ́hùn-ún. Ògiri gígùn tí kò ní fèrèsé, tàbí ibi ìgbọ́kọ̀sí ńlá, máa ń mú kí ẹlẹ́sẹ̀ yípadà kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́yìn irú ògiri bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí àwọn ènìyàn ń wá dìídì.

Kíkọjá nìkan kò tó. Ẹ wá ṣọ́ọ̀bù tó fara jọ irú èyí tí ẹ fẹ́ ṣí, ẹ dúró níbi tí ẹ ti lè rí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, kí ẹ ka iye tó wọlé àti iye tó gbé nǹkan jáde. Ká sọ pé ẹ ka ènìyàn 50 ní ìṣẹ́jú 15: 200 nìyẹn ní wákàtí kan. Bí 4 nínú 100 bá wọlé, 8 ni. Bí ìdajì wọn bá rajà, oníbàárà 4 ni ẹ ní. Bí wákàtí mẹ́sàn-án bá rí bẹ́ẹ̀, oníbàárà 36 ni lójúmọ́. Ẹ fi iye tí oníbàárà kan sábà máa ń ná sọ ọ́ di púpọ̀, lẹ́yìn náà ẹ fi ọjọ́ tí ẹ máa ṣílẹ̀kùn lóṣù sọ ọ́ di púpọ̀. Ẹ wá kó rẹ́ǹtì àti gbogbo owó tó so mọ́ ilé náà jọ, kí ẹ fi wé e. Fún ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù àti ilé oúnjẹ, bí owó ilé bá ti ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó ọjà tí ẹ tà, ọrùn yín ti wà lábẹ́ ẹrù. Kì í ṣe òfin, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ kọjá rẹ̀ gbọ́dọ̀ lè sọ ìdí.

Ẹ lọ sí ọ́fíìsì ìlú kí ẹ tó lọ sọ́dọ̀ onílé

Ìbéèrè mẹ́ta ni ẹ máa gbé lọ. Àkọ́kọ́: kí ni wọ́n fẹ́ gbẹ́, níbo, ìgbà wo? Iṣẹ́ tó ń sọ àárín ìlú dọ̀tun yìí náà ló ń pa ṣọ́ọ̀bù kí ọ̀tun náà tó dé. Ní Edinburgh, ní Scotland, wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọ̀nà ọkọ̀ rélùwéè ojú títì ní 2008. Ó di 2014 kí ọkọ̀ náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò. Àwọn oníṣòwò ojú títì tí wọ́n gbẹ́ ké gbàjarè fún ọdún púpọ̀. Ọkọ̀ náà wúlò lónìí, àmọ́ ẹni tó ti kógbá wọlé kò sí níbẹ̀ láti jẹ àǹfààní rẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ pé wọ́n máa gbẹ́ ojú títì yín, ẹ lè dúró kí iṣẹ́ náà parí, tàbí kí ẹ wọlé ní rẹ́ǹtì tó lọ sílẹ̀ gan-an títí tí wọ́n á fi dí i padà. Ẹ má san owó ojú títì tó mọ́ nígbà tí ẹ ń gbé lẹ́bàá kòtò.

Èkejì: irú iṣẹ́ wo ni òfin gbà láyè nínú ilé náà? Ilé tí wọ́n ti ń ta ìwé kì í sábà di ilé oúnjẹ láìgba àṣẹ tuntun. Bí ilé náà bá wà nínú ìwé àwọn ilé àtijọ́ tí ìjọba ń dáàbò bò, ó lè jẹ́ pé ẹ kò ní lè pààrọ̀ fèrèsé iwájú tàbí gbé pátákó oníná kọ́.

Ẹ̀kẹta: ta ni ó ń gba owó lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò àdúgbò, lẹ́yìn ìjọba? Ní 1970, àwọn oníṣòwò Bloor West Village ní Toronto dá irú ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tó di àkọ́kọ́ irú rẹ̀: gbogbo oníṣòwò tó wà nínú ààlà rẹ̀ ló ń dáwó, òfin ló sì fi dandan lé e. Owó náà ń gbálẹ̀, ó ń tan iná, ó ń polówó àdúgbò. Irú ẹgbẹ́ yìí ti tàn ká ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Mo fẹ́ràn wọn, torí àdúgbò tó ní ẹni tó ń gbá a máa ń mọ́. Àmọ́ onílé lè gbé ìdáwó náà lé ayálégbé lórí, nítorí náà ẹ béèrè iye rẹ̀, kí ẹ sì lọ sí ìpàdé wọn kan kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun. Ibẹ̀ ni ẹ ti máa gbọ́ òótọ́ nípa olè, pàǹtírí àti onílé tó ṣòro bá lò.

Ìwé àdéhùn

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi máa pẹ́ níbí. Nínú àárín ìlú tó ń jí, oníṣòwò kékeré ló sábà máa ń kọ́kọ́ wọ ilé tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́. Ó tún un ṣe, ó kun ún, ó pe èrò wá. Nígbà tó bá máa fi di ọdún karùn-ún, àdúgbò ti lórúkọ, ilé iṣẹ́ ńlá ti ń wá ṣọ́ọ̀bù, rẹ́ǹtì sì ti fò kọjá agbára ẹni tó jẹ́ kí àdúgbò lórúkọ. Ó ń dùn mí wọra nígbàkigbà tí mo bá rí i, torí gbólóhùn mẹ́rin tàbí márùn-ún nínú ìwé ni ì bá ti gbà á là.

Ẹ gba lọ́yà tiyín. Lọ́yà onílé kì í ṣe lọ́yà yín, bó ti wù kó rẹ́rìn-ín tó. Bí owó kò bá tó láti gba lọ́yà fún gbogbo ìdúnàádúrà, ẹ gbà á fún wákàtí díẹ̀ kí ó ka ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ọdún. Ọdún kúkúrú tí ẹ ní ẹ̀tọ́ láti sọ dọ̀tun bó bá parí sàn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ju ọdún gígùn kan ṣoṣo lọ. Ọdún mẹ́ta, kí ẹ̀tọ́ ọdún mẹ́ta mìíràn wà lẹ́yìn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, fún yín ní ọdún mẹ́sàn-án bí ọjà bá yá, ó sì jẹ́ kí ẹ lè jáde ní ọdún kẹta bí kò bá yá. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ náà gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ yín, kì í ṣe lọ́wọ́ onílé, kí ìwé sì sọ bí wọ́n ṣe máa ṣírò rẹ́ǹtì tuntun. Àdéhùn tó kàn sọ pé "a ó jùmọ̀ fohùn ṣọ̀kan lórí iye owó" kò fún yín ní nǹkan kan.

Lẹ́yìn náà ni bí rẹ́ǹtì ṣe máa ń lé. Ẹ wo ohun tí ìdá kékeré ń dà. Bí rẹ́ǹtì bá ń fi ìdá 3 nínú 100 lé lọ́dọọdún, lẹ́yìn ọdún 10 ó ti fi nǹkan bí ìdá 34 ga ju ti ìbẹ̀rẹ̀ lọ. Bó bá jẹ́ ìdá 7, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Onílé tó gbà láti dín rẹ́ǹtì ọdún àkọ́kọ́ kù lè gba gbogbo rẹ̀ padà níbí. Bí wọ́n bá so ó mọ́ bí ọjà ṣe ń wọ́n sí i nílùú, ẹ ní kí wọ́n kọ òkè téńté tí kò gbọ́dọ̀ kọjá sínú ìwé.

Owó tó fara pamọ́ ló tẹ̀ lé e. Ọ̀pọ̀ àdéhùn ló ń gbé owó orí ilé, ìnṣọ́ránsì ilé àti owó àtúnṣe gbogbogbòò lé ayálégbé lórí. Ní àdúgbò tó ń jí, àwọn agbowó orí máa wá tún iye ilé náà dá, torí iye rẹ̀ ti gòkè. Ẹ̀yin tí ẹ mú kó gòkè ni ẹ máa wá san owó orí rẹ̀. Ẹ béèrè ìwé ìnáwó ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ẹ ní kí ààlà wà lórí bí owó náà ṣe lè lé lọ́dún kan. Ẹ sì jẹ́ kí ìwé sọ pé àtúnṣe òrùlé, ìpìlẹ̀ àti ògiri tó gbé ilé ró, ti onílé ni.

Gbólóhùn kan wà tó máa ń fara pamọ́ sí ìparí ìwé: pé onílé lè lé yín pẹ̀lú ìkìlọ̀ oṣù díẹ̀ bó bá fẹ́ wó ilé náà tàbí tún un kọ́. Ní àdúgbò tó ti kú, gbólóhùn yẹn kò ní ehín. Níbi tí àwọn tó ń kọ́ ilé gogoro ti ń wá ilẹ̀ káàkiri, òun ló léwu jù nínú ìwé náà. Ẹ ní kí wọ́n yọ ọ́. Bí wọn kò bá gbà, kí wọ́n kọ ọ́ pé kò ní ṣiṣẹ́ kí ọdún kan báyìí tó pé, àti pé wọ́n máa san owó tí ẹ ná lórí ilé náà tí ẹ kò tíì jẹ padà. Bí wọn kò bá gba èyí náà, ẹ wá ilé mìíràn. Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́ fún yín.

Ní ti ọjọ́ tí rẹ́ǹtì ń bẹ̀rẹ̀: ẹ má jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ fọwọ́ síwèé. Kó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí ìwé àṣẹ ìlú bá tẹ̀ yín lọ́wọ́, tàbí lẹ́yìn oṣù mélòó kan tí ẹ máa fi tún ibẹ̀ ṣe. Onílé tí ilé rẹ̀ ti ṣófo fún ìgbà pípẹ́ sábà máa ń gbà, ó tilẹ̀ lè dáwó sí iṣẹ́ inú ilé. Ẹ tún béèrè pé kí rẹ́ǹtì wálẹ̀ bí iṣẹ́ onílé tàbí irin àti pákó àwọn bíríkìlà bá bo iwájú yín. Bí wọ́n bá ní kí ẹ fi ohun ìní tara yín dúró fún gbèsè ṣọ́ọ̀bù, ẹ ní kí ó mọ sí iye oṣù kan pàtó, kó má bàa jẹ́ pé ilé tí ọmọ yín ń sùn sí ni wọ́n máa gbà.

Ìwé gbọ́dọ̀ fún yín láyè láti gbé ṣọ́ọ̀bù náà fún ẹlòmíràn tó fẹ́ ra iṣẹ́ yín, kó sì ṣàpèjúwe iṣẹ́ yín lọ́nà tó gbòòrò, kí ẹ lè yí ọjà padà láìtọrọ gáfárà.

Ohun kan tún kù tí àwọn ènìyàn kì í rò: ríra. Oníṣòwò mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó para pọ̀ ra ilé kan nígbà tí àdúgbò ṣì wà nílẹ̀, wọ́n ti bọ́ lọ́wọ́ gbogbo ohun tí mo sọ lókè yìí. Kò rọrùn, ó sì ń béèrè ìwé tó lè láàárín àwọn fúnra wọn, ṣùgbọ́n bí ọ̀nà bá wà, ìgbà tí kò sẹ́ni tó fẹ́ ilé náà ni kí ẹ gbìyànjú rẹ̀.

Ilé àtijọ́ tí wọ́n fún níṣẹ́ tuntun

Púpọ̀ nínú ilé àárín ìlú, kì í ṣe iṣẹ́ tó ń ṣe báyìí ni wọ́n kọ́ ọ fún. Ní Los Angeles, òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1999 mú kó rọrùn láti sọ àwọn ilé ọ́fíìsì àti báńkì àtijọ́ di ibùgbé, àárín ìlú náà sì kún fún olùgbé lẹ́yìn rẹ̀. Ilé báyìí lè lẹ́wà gan-an: àjà gíga, fèrèsé ńlá, ògiri tó nípọn. Ṣùgbọ́n ẹ mú ẹni tó mọ iṣẹ́ kíkọ́lé dání lọ wò ó.

Fún ṣọ́ọ̀bù, iná ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè. Agbára iná tó wọ ilé náà lè tó fún gílóòbù àti kọ̀ǹpútà, kó má tó fún ààrò àti fìríìjì ńlá. Fífà á kún sì lè gba oṣù púpọ̀ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ iná. Bó bá jẹ́ ilé oúnjẹ, níbo ni èéfín máa gbà jáde? Bí ènìyàn bá ń gbé lókè yín, paipu èéfín gbọ́dọ̀ gun ilé náà dé òrùlé, èyí sì máa ń náni ju gbogbo ohun èlò ibi ìdáná lọ nígbà mìíràn. Ààyè wà bí fún àpótí tó ń gba ọ̀rá kí omi ìdọ̀tí tó wọ gọ́tà? Ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ lè wọlé bí? Ọ̀nà àbájáde kejì wà bí iná bá sọ? Wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò bóyá asbestos, ohun ìkọ́lé àtijọ́ tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, wà nínú àjà tàbí òjé wà nínú paipu omi?

Fún ibùgbé, ọ́fíìsì máa ń jìn láti fèrèsé dé àárín. Àwọn tó ń yí i padà á wá gé yàrá sí inú lọ́hùn-ún níbi tí oòrùn kò lè dé. Ẹ wọ yàrá kọ̀ọ̀kan, ẹ pa iná, ẹ dúró díẹ̀. Bí ó bá ṣókùnkùn lọ́sàn-án gangan, bẹ́ẹ̀ ló máa rí ní gbogbo ọjọ́ tí ẹ bá fi gbé ibẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ gbé ibẹ̀

Ajẹ́ntì máa mú yín lọ wo ilé ní aago mọ́kànlá òwúrọ̀ Ọjọ́rú. Ẹ dá padà lọ ní òru Ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí ẹ dúró lábẹ́ fèrèsé yàrá náà. Ẹ tún lọ ní aago márùn-ún ìdájí, nígbà tí ọkọ̀ pàǹtírí àti ọkọ̀ akérù ń ṣiṣẹ́. Èyí gan-an ló ń jí àwọn olùgbé àárín ìlú ju orin lọ, nítorí orin ń parí, ọkọ̀ akérù ń wá lójoojúmọ́. Yàrá tó kọjú sí ẹ̀yìn ilé lè dákẹ́ tónítóní nígbà tí èyí tó kọjú sí títì ń mì. Ẹ wo fèrèsé bóyá gíláàsì rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì, bóyá ó sì ń pa dé dáadáa.

Ẹ má kó lọ sókè ilé orin kí ẹ wá máa pe ọlọ́pàá. Láti 2018, ìlànà ètò ilẹ̀ ní England sọ pé ẹni tó gbé ohun tuntun wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó ti wà tẹ́lẹ̀ ló gbọ́dọ̀ dín ariwo kù fún àwọn tirẹ̀. Ìpínlẹ̀ Victoria ní Ọsirélíà ti ní irú rẹ̀ láti 2014. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí fún yín ni pé kí ẹ bi ẹni tó kọ́ ilé náà ohun tó ṣe sí ariwo, kí ó sì fi ìwé hàn yín.

Àwọn ohun mìíràn yá jù bẹ́ẹ̀ lọ láti yẹ̀ wò. Ilẹ̀ òfìfo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yín lè di ilé àjà ogún lọ́la. Ọ́fíìsì ìlú mọ̀ bóyá ẹnì kan ti gba àṣẹ. Ẹ béèrè iye yàrá inú ilé náà tí wọ́n ń fi gba àlejò ọjọ́ méjì ọjọ́ mẹ́ta, nítorí ilé tí àlejò pọ̀ jù kì í ní aládùúgbò. Ẹni tó fẹ́ ra yàrá gbọ́dọ̀ ka àkọsílẹ̀ ìpàdé àwọn onílé inú ilé náà, kó sì wo iye tó wà nínú àpò owó àtúnṣe: ilé tí lífíìtì rẹ̀ ti gbó tí àpò rẹ̀ sì ṣófo máa pín gbèsè náà fún gbogbo yín láìpẹ́. Bí ẹ bá ní ọkọ̀, ẹ mọ ibi tó máa sùn kí ẹ tó mọ ibi tí ẹ̀yin máa sùn.

Àwọn kan fẹ́ gbé lókè ṣọ́ọ̀bù wọn. Ó ń dín owó ọkọ̀ àti àkókò kù, ó sì ń jẹ́ kí ojú wà lára ọjà. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí àdéhùn ilé àti ti ṣọ́ọ̀bù jẹ́ ìwé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí mítà iná wọn yàtọ̀, kí ìnṣọ́ránsì sì mọ̀ pé ènìyàn ń sùn lókè. Bí ọjà bá dojú dé, kì í ṣe ọjọ́ kan náà ló yẹ kí ẹ pàdánù ibùsùn.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣílẹ̀kùn

Ẹ ní owó ìnáwó oṣù mẹ́fà nípamọ́ yàtọ̀ sí owó tí ẹ fi ṣí ṣọ́ọ̀bù, torí àdúgbò tó ń jí kì í jí ní ìwọ̀n tí ẹ kọ sínú ètò yín.

Ẹ bá àwọn aládùúgbò sọ̀rọ̀ nípa wákàtí. Ṣọ́ọ̀bù kan tó ṣí di aago mẹ́jọ alẹ́ lójú títì tó ṣókùnkùn máa rí ara rẹ̀ nìkan. Ṣọ́ọ̀bù márùn-ún tó jọ ṣí ní Ọjọ́bọ̀ àti Ọjọ́ Ẹtì ti fún ẹlẹ́sẹ̀ ní ìdí láti wá. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú alẹ́ kan lọ́sẹ̀.

Bí ìlú bá ní àwọn fẹ́ dí títì fún ọkọ̀ kí ẹlẹ́sẹ̀ nìkan máa rìn níbẹ̀, ẹ má tètè bẹ̀rù. Nígbà tí wọ́n ṣe é sí òpópónà Strøget ní Copenhagen ní 1962, oníṣòwò púpọ̀ ló ta kò ó pé ọjà àwọn máa kú. Òpópónà náà wá di ọ̀kan lára ibi ìtajà tó gbajúmọ̀ jù ní Yúróòpù. Kò yọrí sí rere níbi gbogbo, pàápàá níbi tí olùgbé àti bọ́ọ̀sì kò pọ̀. Ohun tí ẹ máa jà fún nínú ìpàdé ni wákàtí tí ọkọ̀ akérù lè wọlé, àti ibi tí bọ́ọ̀sì máa dúró.

Àwọn kan sì wà níbẹ̀ kí ẹ tó dé: arúgbó tó ń gbé ilé alájà mẹ́ta láti ìgbà tí gbogbo ènìyàn ti sá lọ, oníṣòwò tó fara da ọdún òkùnkùn, ẹni tí kò nílé tó ń sùn lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ kí wọn. Ẹ gbà síṣẹ́ láàárín wọn. Ẹ ní ọjà kan tàbí méjì tí apá wọn ká. Àwọn ni wọ́n máa rajà lọ́wọ́ yín nígbà tí àlejò kò bá wá, àwọn ni wọ́n máa pè yín bí ẹnì kan bá ń fọ́ ilẹ̀kùn yín lóru, àti pé ìlú tó lé wọn kúrò kí ojú títì lè mọ́ kò tíì tún ara rẹ̀ ṣe.

Bí àdéhùn bá ń sún mọ́ òpin

Nígbà tó bá ku oṣù 18 ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀. Ẹ tún ẹsẹ̀ kà ní ojú ibi kan náà àti wákàtí kan náà bíi ti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ bi àwọn aládùúgbò iye tí wọ́n ń san báyìí. Ẹ wá ilé kejì tí ẹ lè lọ ní tòótọ́, kódà bí ẹ kò bá fẹ́ lọ, torí onílé máa ń mọ ẹni tí kò ní ibòmíràn. Ẹ wá ṣí ìwé àdéhùn wo déètì tí ẹ̀tọ́ yín láti sọ àdéhùn dọ̀tun ń kọjá: lọ́pọ̀ ìgbà, bí lẹ́tà yín bá fi ọjọ́ kan ṣoṣo pẹ́, ẹ̀tọ́ náà ti lọ. Ẹ kọ déètì náà sínú fóònù yín, kí ẹnìkejì yín náà kọ ọ́ sínú tirẹ̀. Ẹ fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ ní ọ̀nà tí ìwé là sílẹ̀ gan-an, kí ẹni tó gbà á fọwọ́ sí i, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà tó ní déètì lórí.